Kọ́là Funfun Nínú Eruku Zongo

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù kẹrin, 2018

Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ní kí n máa kọ ìbínú mi sínú ìwé, nítorí etí òun ti kún. Ó dáa. Kí ìwé máa gbà á.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìn ní ìjọ wa ní Bobiel ni Hàwáù ẹlẹ́ja pè mí. Firísà rẹ̀ ti kú láti òru, ẹja ti ń rọ̀ nínú ẹ̀. Nínú ooru yìí! Ta ni yóò sọ fún ẹja pé kó dúró di ọjọ́ Ajé torí pé èmi tí mò ń tún fírígò ṣe ń wàásù? Mo gun alùpùpù mi bí mo ṣe wà, pẹ̀lú kọ́là funfun lọ́rùn, ó di Zongo.

Alhaji Gàníyù, ọ̀gá mi, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Ọkùnrin tó gbà mí sílé nígbà tí mo wọ Niamey pẹ̀lú báàgì kan péré, tó kọ́ mi níṣẹ́ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá mi. Àyà mi kan ilẹ̀ dáadáa. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bó ti máa ń ṣe láràárọ̀, ó ní: "Iná ò ní gbé ọ, Àdìsá." Mo ṣe àmín, mo gbọn eruku aṣọ mi, mo gbé àpótí irinṣẹ́.

Bí mo ṣe gbójú sókè, Díákónì Oyèérìndé ló dúró ní òdìkejì títì, olórí àwọn díákónì ìjọ wa, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó ká olè mọ́bi tó ti ń jalè. Mo kí i. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Firísà Hàwáù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹja ò bàjẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kẹrin

Wọ́n pè mí ní ìpàdé. Mo ti mọ̀.

Oyèérìndé ló sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń mi orí. "Pásítọ̀, ẹ dójú tì wá. Kọ́là yẹn kì í ṣe ti yín, ti Ọlọ́run ni. Ẹ wá fi nu ilẹ̀ fún ìmàle lójú gbogbo Zongo."

Mo ní: "Ọ̀gá mi ni, sà."

"Ọ̀gá kan ṣoṣo ni àlùfáà ní, ọ̀run ló sì wà."

Háà! Orí mi gbóná. Mo ní ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wàásù fún yín, tí mò ń sin òkú yín, tí mò ń parí ìjà yín láàárín tọkọtaya, ẹ ò bọ́ mi rí, mi ò sì béèrè. Ọwọ́ tó ń tú kọ̀npírẹ́sọ̀ fírígò ní Zongo náà ló ń ṣí Bíbélì ní Bobiel. Bí ẹ bá kórìíra ibi tí mo ti ń jẹun, ẹ wá bọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn. Oyèérìndé wá yọ ohun tó fi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ni Bàbá Alábòójútó ìjọ wa ń bọ̀ láti ilé láti wá gbọ́wọ́ lé mi lórí, kí n lè di àlùfáà pípé. Bí òun bá tún rí mi nílẹ̀ pẹ̀lú kọ́là lọ́rùn kí ọjọ́ náà tó pé, òun á ní kí Bàbá máa padà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó mọ ibi tó ń dùn mí. Láìsí ọwọ́ yẹn, mo lè wàásù títí ọ̀fun mi á fi ya, mi ò lè bu Oúnjẹ Olúwa fún ẹnikẹ́ni, mi ò lè ri ẹnikẹ́ni bọmi. Ìgbà tí àlùfáà bá tilé dé nìkan ni ìjọ wa ń jẹ Oúnjẹ Olúwa. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò tíì sí ẹni tó dé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Oyèérìndé fúnra rẹ̀ o. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ìmàle ni. Ta ló ń tan ara rẹ̀ jẹ?

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹrin

Mo wàásù lórí Náámánì. Mo fara balẹ̀ ka ibi tó ti bẹ Èlíṣà pé kí Olúwa dárí ji òun bí ọ̀gá òun bá fara ti òun nílé òrìṣà tí òun sì tẹrí ba, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èlíṣà ní kó máa lọ ní àlàáfíà.

Oyèérìndé sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹrin

Ooru kọjá àfẹnusọ. Fírígò mẹ́fà ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo olóhun sì ń pariwo. Iná lọ láàárọ̀, ó tún lọ lọ́sàn-án. Owó àpò yìnyín ti di ìlọ́po méjì iye tó jẹ́ lóṣù tó kọjá.

Mo ya Kirkissoye ní òdìkejì odò lẹ́yìn iṣẹ́, mo lọ wo Màmá Dọ́káàsì. Òun ló gba ìjọ sí yàrá rẹ̀ nígbà tí a ò tíì ju èèyàn márùn-ún lọ. Ojú rẹ̀ ti lọ pátápátá báyìí, ẹsẹ̀ náà ò gbé e mọ́. Ó gbọ́ ohùn alùpùpù mi kí n tó sọ̀rọ̀.

"Pásítọ̀ mi, ṣé wọ́n ti gbọ́wọ́ lé ọ?"

"Ó ku díẹ̀, mà."

"Ṣe kíá o. Mi ò fẹ́ kú láìtún jẹ Oúnjẹ Olúwa. Bí mo bá kú láìjẹ ẹ́, ìwọ ni n ó fẹjọ́ rẹ sùn lọ́run."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọwọ́ Oyèérìndé ni oúnjẹ rẹ̀ há sí, nítorí eruku àyà aṣọ mi. Mo gbé e mì. Mo bu omi sínú ìkòkò rẹ̀, mo fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i títí oorun fi gbé e lọ.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù kẹrin

Mo ti di aláìnítìjú. Òkú kan la lọ sin láàárọ̀, mo sì ń tibẹ̀ lọ síṣẹ́. Kí n tó wọ Zongo, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo bọ́ kọ́là, mo kì í bọ àpò. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji pẹ̀lú ọrùn òfìfo. Ó gbàdúrà rẹ̀. Ó tán? Kò tán. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀npírẹ́sọ̀, kọ́là yọ lápò mi, ó já sínú òróró dúdú.

Alhaji fi ìka méjì gbé e jáde. Ó wò ó, ó wò mí.

"Àdìsá, ṣé o jí i ni, tó o fi ń fi pamọ́ sápò?"

Sùlù, tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Alhaji, rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà pa irọ́ kan nípa ooru. Alhaji nu kọ́là náà pẹ̀lú etí bùbá ara rẹ̀ kó tó fún mi.

Àṣàkẹ́ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì rí bí eérú.

Ọjọ́rú, 2 oṣù karùn-ún

Ẹ gbọ́ eléyìí. Oyèérìndé wá bá mi nílé. Ó jókòó, ó mu omi, ó yin ọbẹ̀ Àṣàkẹ́. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀.

Ó ní lọ́jọ́ tí Bàbá Alábòójútó bá ń bọ̀, a ò gbọdọ̀ gbára lé iná ìlú. Fáànù, ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ṣoṣo tí òun mọ̀ tó lè gbé e, ti Alhaji Gàníyù ni.

Mo wò ó. Mo rò pé àwàdà ni.

"Kí ẹ jọ̀ọ́ bá wa bẹ̀ ẹ́, Pásítọ̀. Èmi náà á tẹ̀ lé yín. Kí ẹ wọ kọ́là, kó lè mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọ la bá wá."

"Kí n wá kí i báwo, sà?"

"Ẹ tẹrí ba. Ìyẹn náà tó. Ojú àwọn èèyàn wà lára wa."

Ẹni tí ò yẹ ní kíkí ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ yẹ ní yíyá! Àṣàkẹ́ ń rín ẹ̀rín ìkọ̀kọ̀ nínú ilé ìdáná, mò ń gbọ́ ọ. Ǹ bá ti sọ pé rárá. Màmá Dọ́káàsì ni mo rántí. Mo ní ó dáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù karùn-ún

A dé Zongo láàárọ̀, èmi nínú kọ́là, Oyèérìndé nínú agbádá funfun. Alhaji wà lórí bẹ́ǹṣì. Sùlù wà níbẹ̀, Hàwáù wà níbẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ń wò. Alhaji rí mi, ó gbé tẹ̀sùbáà sí ọwọ́ òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó sì ti ń tẹ̀ díẹ̀ kó lè kan orí mi nílẹ̀.

Mo dúró. Mo tẹ ọrùn. Mo ní: "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọwọ́ yẹn wà lókè, kò sórí lábẹ́ rẹ̀. Ó dá a padà sórí itan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ojú mi, kò wo ti Oyèérìndé rárá. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ káàárọ̀, Pásítọ̀. Ẹ jókòó."

*Ẹ.* Ó ní *ẹ* fún mi. Ọkùnrin tó máa ń pè mí láti òpin títì kan dé ìkejì, "Àdìsá! Ìwọ ọmọ yìí!" Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún gbọ́ irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ì bá gbá mi létí.

Oyèérìndé ro ẹjọ́ jẹnẹrétọ̀. Alhaji ò jẹ́ kó parí. "Ẹ mú un lọ. Ẹ̀yin àti Ọlọ́run yín." Kò béèrè ohunkóhun.

Bí a ṣe ń lọ, Oyèérìndé lù mí lẹ́yìn: "Ẹ ò rí i? Ilẹ̀ ò ya." Bí kì í bá ṣe kọ́là, ǹ bá ti bá a wọ̀yá ìjà ní gbangba ọjà Grand Marché.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù karùn-ún

Mo débi iṣẹ́ láìwọ kọ́là, mo dọ̀bálẹ̀. Alhaji ní, "Ẹ dìde, Pásítọ̀, ilẹ̀ á ba aṣọ yín jẹ́." Kò gbé ọwọ́ lé mi. Ó ní kí Sùlù gbé àga fún mi. Àga! Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń jókòó sórí táyà láti ìgbà tí mo ti dé!

Sùlù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kí lo ṣe fún bàbá yìí? Tàíbátù ìyàwó rẹ̀ ní kò jẹun alẹ́ ọjọ́ Ẹtì."

Mo ní kó máa lọ bá iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù karùn-ún

Iná gbé mi.

Nílé oníbàárà kan ní Bobiel ni. Mi ò pa iná ògiri kí n tó tọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ, òógùn sì ń ṣàn lọ́wọ́ mi. Ó jù mí mọ́ ògiri. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ti bó.

Kí n kọ ọ́ kó yé mi: kì í ṣe nítorí àdúrà. Ẹni tí ò pa iná ni iná ń gbé, ìmàle tàbí onígbàgbọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Síbẹ̀ bí mo ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀, tí etí mi ń hó, ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn mi ni pé ẹnikẹ́ni ò gbàdúrà lé mi lórí láti ọjọ́ mẹ́jọ. Inú bí mi sí ara mi. Inú bí mi sí Oyèérìndé. Inú bí mi sí Alhaji pàápàá, kí ló dé tí kò bú mi kó tán?

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù karùn-ún

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ooru yìí. Olúwa, ṣàánú àwọn àgbà tó wà nínú rẹ̀.

Sùlù mú ìgò kékeré kan wá. "Alhaji ní kí n fún ọ. Ó ní kó o máa fi pa ọwọ́ rẹ láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Ó ní *kó o* ni, àbí *kí Pásítọ̀*?"

Sùlù fọwọ́ họrí. "Kí Pásítọ̀," ó ní.

Ó ń gbààwẹ̀, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó sì ń wá ìpara fún ọwọ́ mi. Kì í jẹ́ kí n bínú sí i dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù karùn-ún

Àṣàkẹ́ gbé ọ̀gì àti àkàrà ìṣínu lọ fún wọn bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Èmi náà tẹ̀ lé e. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá wọn, mo ní: "Ẹ má bínú, sà." Alhaji ní òun ò bínú. Ó ní kí n dìde. Ó tún ní: "Ẹ ṣé, Pásítọ̀." Tàíbátù yíjú sápá kan.

Mo bínú délé. Mo ní kí ló tún ń fẹ́? Ṣé mi ò bẹ̀ ẹ́ ni?

Àṣàkẹ́ ní: "Bàbá Ọlálérè, ìta gbangba lẹ ti fi ìtìjú nà án, inú yàrá lẹ ti ń bẹ̀ ẹ́. Kọ́là wà lọ́rùn yín nígbà tẹ́ ẹ nà án. Níbo ló wà lónìí?"

Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ yìí. Ó bá sùn. Ó jẹ́ kí n dá wà pẹ̀lú òótọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù karùn-ún

Mo lọ bá Oyèérìndé ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀: n ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji Gàníyù nínú kọ́là, ní gbangba.

Ó ń ká aṣọ, kò dúró. "Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, ẹ lọ ṣe ohun tó bá wù yín. Kí ọwọ́ tó kàn yín, bí àyà yín bá kan ilẹ̀ fún un, èmi ni n ó dìde tí n ó sọ fún Bàbá pé ìjọ ò fẹ́ yín mọ́. Màmá Dọ́káàsì yóò sì máa retí."

Ó dárúkọ rẹ̀! Ó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ojúlé kan náà lèmi àti ọkùnrin yìí ti ń kọrin ìyìn.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù karùn-ún

Màmá Dọ́káàsì ò jẹun láti àná. Ó mọ̀ mí, ó di ọwọ́ tó bó yẹn mú, mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé ó ń dùn mí. "Ó kù mélòó?" ó bi mí. Mo ní ọjọ́ mẹ́fà, mà. Ó ní òun á dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù kẹfà

Bàbá Alábòójútó gba ẹnubodè Gàyà wọlé lónìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nínú bàtà débi pé kò lè dé ọ̀dọ̀ Màmá Dọ́káàsì. Ìjì eruku pupa dé pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀sán di òru, kò wá rọ òjò kankan. Wọ́n gbé e sí ilé Oyèérìndé, ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Èmi ni mo tún ẹ̀rọ náà ṣe lọ́dún tó kọjá. Mo rí ẹ̀gbin ayé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 oṣù kẹfà

Mi ò tíì mọ ohun tí n ó ṣe. Mo gbàdúrà, mo bínú, mo tún gbàdúrà. Bí mo bá dákẹ́, Màmá á jẹ. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ó ṣeé ṣe kó kú láìjẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ Alhaji yẹn ò kúrò lójú mi, bó ṣe wà lókè tí kò sórí lábẹ́ rẹ̀.

Àṣàkẹ́ ti fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́là. Ó ṣì rí bí eérú.

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kẹfà

N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí i padà nígbà tó bá yá.

Èrò kún abẹ́ páànù tó jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa dé ìta. A ò ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí náà gbogbo ẹni tó ń kọjá ní Bobiel ń wò wá. Alhaji Gàníyù wá. Oyèérìndé ló pè é, kó lè fi í yangàn fún Bàbá Alábòójútó pé àwọn ìmàle pàápàá ń ràn wá lọ́wọ́. Kò wọ abẹ́ páànù. Ó gbé àga síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ, ètè rẹ̀ funfun nítorí ààwẹ̀.

A kọrin, a kàwé. Bàbá Alábòójútó ní kí n jáde síwájú. Ó ní: "Kí a tó gbọ́wọ́ lé ọ, a ní àṣà kan nílé. Ta ló tọ́ ọ ní ìlú yìí? Kí ẹni náà fà ọ́ lọ́wọ́ wá síbi pẹpẹ."

Oyèérìndé ti dìde. Ó ti ń ká agbádá rẹ̀ sí èjìká.

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo máa lọ, ẹsẹ̀ mi ló lọ. Mo gba àárín èrò kọjá, mo jáde síta sínú oòrùn, mo dé iwájú àga Alhaji, mo nà gbọọrọ sílẹ̀. Àyà mi kan ilẹ̀, àgbọ̀n mi kan ilẹ̀, kọ́là Ọlọ́run kan ilẹ̀ Bobiel. Ilẹ̀ gbóná débi pé ó jó mi. Mo ní: "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi."

Mo gbọ́ ohùn Oyèérìndé lẹ́yìn mi: "Bàbá! Ṣé ẹ rí i! Mo sọ fún yín!" Àwọn obìnrin ti ń kùn. Jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo ní etí mi, mi ò gbọ́ nǹkan tí Alhaji ń sọ, mo rò pé kò sọ nǹkan kan.

Ó na ọwọ́, ó pa jẹnẹrétọ̀.

Fáànù dúró. Ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ kú. A ń gbọ́ ewúrẹ́ kan ní òdìkejì títì. Mo wá gbọ́ ìka rẹ̀ lórí mi, ó wúwo bó ti máa ń wúwo. Alhaji gbàdúrà pẹ̀lú ohùn tó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo abẹ́ páànù:

"Iná ò ní gbé ọ, Àdìsá. Ọwọ́ rẹ ò ní ṣòfò. Wàá rẹ́ni dọ̀bálẹ̀ fún ọ."

"Àmín!"

Gbogbo ìjọ ni. Wọn ò rò ó. Ta ni Yorùbá tó gbọ́ àdúrà tí kò ní ṣe àmín? Akọrin ṣe é, àwọn díákónì ṣe é, àwọn obìnrin tó ń kùn lẹ́ẹ̀kan ṣe é sókè jù. Mo gbọ́ ti Oyèérìndé fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ kì í farapamọ́. Bí mo ṣe dìde, mo rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Àṣìṣe ni, Bàbá," ó ní. "Ó yọ lẹ́nu wa ni. Ẹ má gbọ́wọ́ lé ọkùnrin yìí. Ìjọ ò fẹ́ ẹ mọ́."

Bàbá Alábòójútó ti tẹ̀ lé mi dé etí páànù pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú yẹn. Ó wo Oyèérìndé láti òkè délẹ̀. "Díákónì, mo ti darúgbó, àmọ́ etí mi ò tíì di. Ìjọ ti ṣe àmín. Ta ló tún kù tí n ó bi?" Ó yíjú sí Alhaji. "Alhaji, ṣé ẹ máa fà á lọ́wọ́ wá?"

Alhaji mi orí. "Èmi ò wọ ibẹ̀ yẹn, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni. Ẹ mú un lọ." Bó ṣe sọ ọ́ nípa jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́sí gẹ́lẹ́ ni. Ó tún tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa okùn, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló fà mí lọ. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú eruku láti àgbọ̀n dé orúnkún. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi.

Oyèérìndé ò dúró gbọ́ orin ìkẹyìn. Òun ló ni ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀, ó já wáyà rẹ̀, ó gbé e lọ pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ó ní ìjọ mìíràn wà ní Niamey. Kó máa lọ! Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbọ́ òórùn ìgbéraga rẹ̀. Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́, mo mọ̀ pé n ó ní láti lọ bẹ̀ ẹ́ wá, nítorí pé èmi ni Pásítọ̀ rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹfà

Bàbá Alábòójútó lọ láàárọ̀; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà láti àná. Mo dé Zongo, ó ti pẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀!" Alhaji ní. "Iná ò ní gbé ọ. Firísà Hàwáù ti tún kú, dìde ńbẹ̀ o jàre."

Mi ò rí àga kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Mo jókòó sórí táyà mi.

Mo ṣe firísà náà títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ délé kí n wẹ̀ kí n tó kọjá sí Kirkissoye, àmọ́ obìnrin tó ń tọ́jú Màmá Dọ́káàsì ránṣẹ́ pè mí: kí n má délé. Mo gba orí afárá, búrẹ́dì àti wáìnì wà nínú àpótí irinṣẹ́ láàárín sípánà. Mo fi ọṣẹ ẹnu ọ̀nà fọ ọwọ́, èyí tó lè kúrò kúrò.

Èémí rẹ̀ ti ń jìnnà síra. Mo ka ọ̀rọ̀ náà. Mo bu búrẹ́dì, mo gbé e sún mọ́ ètè rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn ọwọ́ mi.

"Gírísì," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo tibi iṣẹ́ dé ni."

"Mo mọ̀. Gbé e wá."

Ó sì la ẹnu.